Bí ilé àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe lè dá ìdọ̀tí dúró kó tó bá odò dé òkun

Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun, àmọ́ omi Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì yín á bọ́ sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sí odò kékeré ẹ̀yìn àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn odò kékeré wọ̀nyí ń já sí Ọ̀bà, odò kan náà tí wọ́n sé tí omi ẹ̀rọ ìlú fi ń wá. Ọ̀bà ń lọ pàdé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń já sí ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ lomi ti ń gba ọ̀sà Èkó wọ òkun Àtìláńtíìkì. Ní Ọ̀yọ́, odò Ògùn ni ọ̀pọ̀ omi ń tọ̀, òun náà gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí awakọ̀ àlejò jù sẹ́nu géètì yín lóṣù Kejì, òjò àkọ́rọ̀ ló máa wá gbé e.

Tó bá dé ọ̀hún, kì í jẹrà. Oòrùn àti ìgbì á máa já a sí wẹ́wẹ́ títí ojú ò fi ní í rí i mọ́, ẹja á sì gbé e mì. Ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sí etíkun wa máa ń ka ọ̀rá tó léfòó sí ẹran òkun rírọ̀ kan tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀; tó bá ti gbé e mì, ìfun rẹ̀ dí nìyẹn. Omi ọṣẹ àti omi ìgbẹ́ ní tiwọn ń bọ́ koríko olódòdó àlùkò tó ń bo ojú ọ̀sà, èyí tó wọ orílẹ̀-èdè wa ní nǹkan bí ọdún 1984, tó ń di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi tó sì ń ba àwọ̀n apẹja jẹ́.

Àwọn ilé ìtura orí erékùṣù tètè kọ́ iṣẹ́ yìí nítorí pé wọn ò níbi tí wọ́n á da ìdọ̀tí sí. Ohun tí wọ́n bá jù sómi láàárọ̀, ìgbì á dá a padà sẹ́sẹ̀ àlejò nírọ̀lẹ́. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òjò máa ń gbé ìdọ̀tí wa kúrò lójú wa kíákíá, a ó sì rò pé ó ti tán. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí ohun kan ṣoṣo: kí ìdọ̀tí má lè kọjá géètì yín. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 20 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí tirẹ̀ kéré tàbí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi ìṣirò tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tẹ̀lé omi yín

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ dúró de òjò tó lágbára, ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ sì rìn tẹ̀lé omi láti ẹsẹ̀ òrùlé títí dé ibi tó ti ń jáde kúrò nínú ọgbà. Ẹ yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé: ilé ìdáná, ibi ìfọṣọ, balùwẹ̀, ilé jẹnẹrétọ̀, tánkì ìgbọ̀nsẹ̀, kànga, ibi tí ẹ ń kó pàǹtírí sí. Ibi tí ọgbà ti rẹlẹ̀ jù lọ ni kí ẹ fàlà sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni asẹ́ máa wà tó bá yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ po ó mọ́ garawa omi kan, ẹ dà á sí ojú ìfọwọ́ ilé ìdáná, kí ẹnì kan sì lọ dúró ti gọ́tà ìta. Tí omi búlúù bá yọ ní gọ́tà, páìpù ilé ìdáná yín kò lọ síbi tí bíríkìlà sọ pé ó lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ibi ìfọṣọ. Kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí páìpù balùwẹ̀ kan já sí gọ́tà ní bòókẹ́lẹ́, pàápàá nílé tí wọ́n ti fi yàrá kún yàrá lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí gbogbo ìyókù kò níye lórí tí ìyẹn bá ṣì ń ṣàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn pàǹtírí fún ọjọ́ méje

Ẹ wá òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ń lò, èyí tó ń kọ́ sókè, àti àpò márùn-ún: oúnjẹ àti èèpo lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, ike líle lọ́tọ̀, agolo àti ìgò lọ́tọ̀, ohun yòókù lọ́tọ̀. Kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye àlejò ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí kò sí òde ni kí ẹ lò, kí ẹ tún wọn ọjọ́ òde kan ní tirẹ̀, torí ọjọ́ òde kan lè mú pàǹtírí ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nínú òṣùwọ̀n, oúnjẹ àti èèpo ló máa ń wúwo jù. Ọ̀rá á fúyẹ́, àmọ́ òun ló ń rìn jìnnà jù. Ẹ má jẹ́ kí kílò tàn yín lórí ọ̀rá. Ẹ ka ẹyọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Omi mímu

Ká ní àlejò wà ní yàrá 12 nínú 20, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin lójúmọ́, ọ̀rá 48 nìyẹn lọ́jọ́ kan, 1,440 lóṣù. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà, nítorí náà lítà 24 péré lomi tí ẹ ń wá lójúmọ́. Ìgò ńlá onílítà 19 tó ń jókòó sórí ẹ̀rọ ìtutù, mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ kan ti tó, ilé iṣẹ́ omi á sì máa gba òfìfo rẹ̀ padà. Ẹ gbé ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀kan sí àjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi jọ́ọ̀gì onígíláàsì oníderí kan àti ife méjì sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ilé ìtura Soneva ní Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan, kò gba omi inú ike wọlé mọ́ láti ọdún 2008. Omi tí wọ́n sẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń rọ sínú ìgò.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni àìfọ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ po ṣíbí ńlá kan ohun ìfọṣọ funfun (ìyẹn bílíìṣì olómi tó ń mú aṣọ funfun) tí kò ní òórùn lọ́fínńdà mọ́ lítà omi mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó gba ẹnu rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má gbé e sí ojú oòrùn, ewédò á hù nínú ìgò. Jọ́ọ̀gì yàrá, ojoojúmọ́ ni fífọ̀ rẹ̀. Tí àlejò bá rí ẹ̀gbin nínú jọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan péré, píọ̀ wọ́tà ló máa béèrè títí tó fi máa lọ, kò sì jẹ̀bi. Ẹ má sì ṣe rọ omi yín sínú ìgò kí ẹ dé e pa láti tà á. Omi títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Omi ọ̀fẹ́ inú jọ́ọ̀gì ni ká fi mọ.

Píọ̀ wọ́tà tó bá ṣì wọlé, ẹ gbé àpò ńlá kan kọ́ síbi tí awakọ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ń jókòó. Àwọn tó ń ra ọ̀rá àlòkù kì í fẹ́ ọ̀rá tútù tàbí èyí tí yẹ̀pẹ̀ ti bò: ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ẹ sá a, kí ẹ tó kó o jọ. Fífún ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn dára ju sísun lọ ní gbogbo ọ̀nà. Èéfín ike ní májèlé, eérú rẹ̀ náà sì ń bá òjò wọ odò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ilé ìdáná

Ibí lọ́ràn pọ̀ sí jù. Epo pupa, òróró tí wọ́n fi dín dòdò, ọ̀rá ẹran: gbogbo rẹ̀ ń bá omi àbọ́fọ̀ wọ páìpù lọ́nà gbígbóná, á sì dì níbi tó bá ti tutù. Nígbà ọyẹ́, epo pupa á dì gbagidi nínú páìpù, omi á kún padà sójú ìfọwọ́, ẹni tó ń fọ abọ́ á sì da omi gbígbóná sí i. Omi gbígbóná kò yanjú rẹ̀. Ó kàn tì í síwájú ni. Tó bá dé odò, á bo ojú omi, afẹ́fẹ́ kò sì ní í wọlé fún ẹja.

Ohun tí ẹ nílò ni àpótí ìdẹ́kun epo. Fún ilé ìdáná tó ń bọ́ òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 20, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà mọ ọ́n síta, níbòòji, nítòsí ògiri ilé ìdáná. Inú rẹ̀ gùn tó mítà 1.2, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, omi inú rẹ̀ á sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ìyẹn á gba lítà 432. Tí omi bá ń wọlé ní lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, á lò tó ogójì ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ kó tó jáde, àsìkò yẹn ni epo fi ń léfòó tí ìyẹ̀fun oúnjẹ sì ń rọ̀ sísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa mọ ọ́n rèé. Ẹ fi ògiri tín-ín-rín kan pín in sí méjì, kí apá tí omi ń gbà wọlé jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ògiri náà gbọ́dọ̀ yọ sókè ju ojú omi lọ. Ihò rẹ̀ nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Epo tó léfòó kò lè gba ibẹ̀ kọjá, erofò tó wà nílẹ̀ náà kò lè gbà á. Páìpù ìjáde jẹ́ ínǹṣì 4, ó ní orí alápá mẹ́ta, kí apá tó wà nísàlẹ̀ rì wọ omi dé sẹ̀ǹtímítà 20 sí ilẹ̀, kí apá òkè ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Páìpù ìwọlé gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 ga ju páìpù ìjáde lọ. Tí bíríkìlà bá ṣe méjèèjì lọ́gbọọgba, omi á máa padà sílé ìdáná. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì tó nípọn rẹ́ inú rẹ̀ kó má jò, kí ìdérí rẹ̀ jẹ́ pẹpẹ méjì tó ní ìdìmú, torí ìdérí kan ṣoṣo tó wúwo kò sẹ́ni tó máa ṣí i, àpótí tí ẹnikẹ́ni kò bá sì ṣí kò yàtọ̀ sí kòtò.

Ẹ má so páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn láé. Ẹ má da omi gbígbóná tàbí ọṣẹ tó pọ̀ sí i láti fi "fọ̀ ọ́", epo á yọ́, á sì bá omi jáde.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi igi tó ní àmì wọn bí epo òkè àti erofò ìsàlẹ̀ ṣe nípọn tó. Tí àpapọ̀ méjèèjì bá ti pé sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, ó ti tó kó. Ẹ fi ìgbákọ bu epo òkè, ẹ kó erofò, ẹ pò wọ́n mọ́ ìyẹ̀fun pákó láti ibi ìlagi títí tí kò fi ní í ṣàn mọ́, kí ẹ gbẹ́ kòtò sí ibi tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sin ín. Òróró díndín kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá: tó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà á.

Kí abọ́ tó débi omi, ẹ fi ṣíbí onígi fá a mọ́ sínú garawa. Iṣẹ́ kékeré yìí nìkan ń dín ohun tó ń wọ àpótí kù gan-an, owó kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sí ojú ìfọwọ́ pẹ̀lú. Ilá àti ewédú máa ń fà, wọ́n máa ń so mọ́ irun àti ìrẹsì nínú páìpù títí á fi dí.

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti gbágùúdá, ẹ sá a fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn, wọ́n á wá kó o fúnra wọn. Ẹ má fi ọ̀rá kankan sínú rẹ̀. Ọ̀rá tó bá wọ ikùn ewúrẹ́ kì í jáde. Ìyókù ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ fi pákó kan ṣe ọgbà mítà kan lọ́nà gbogbo, kí ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sísàlẹ̀, kí ẹ wá máa fi garawa ewé gbígbẹ mẹ́ta bo garawa oúnjẹ kan. Ewé máńgòrò kò wọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kó o jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn dípò kí ẹ sun ún, àmọ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ torí ó le, kì í tètè jẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ á mú un yá. Ẹ tú u lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó tutù bí kànrìnkàn tí wọ́n fún. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní í lè pẹ́ níbẹ̀. Tó bá ń rùn, ó tutù jù tàbí ewé gbígbẹ kò tó. Tó bá jókòó láìgbóná, ó gbẹ jù tàbí ó kéré jù. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ má fi ẹran, egungun àti ọbẹ̀ olóròóró sí i, eku á dé.

Lórí ẹja: àrọ̀ àti epìyà tí wọ́n ń sìn ládùúgbò dín ohun tí à ń kó nínú òkun kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ àrọ̀ náà máa ń ní ẹja òkun lílọ̀ nínú. Ẹ kọ ẹja tó kéré tí kò tíì yé ẹyin rí, ẹ sì bi ẹni tó ń tà á fún yín níbi tó ń da omi ibi tí ó ti ń sin ín sí.

Ọjọ́ òde

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn pé abọ́ funfun fífúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní oṣù Kìíní ọdún 2024, kò sì sí ohun tó ní kí tiwa dúró de òfin. Ẹ gba owó ìdógò lọ́wọ́ alásè, kí ẹ dá a padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ ọgbà wò. Ewé ẹ̀ẹ́ran ni ká fi pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kí á fi wé àmàlà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé. Á gbóná nínú rẹ̀, kì í sì í sun òórùn ike mọ́ oúnjẹ. Oúnjẹ gbígbẹ tó ń jókòó lórí tábìlì, èso tàbí búrẹ́dì, igbá fínfín Ọ̀yọ́ yẹ ẹ́ ju abọ́ ike lọ. Ẹ má rẹ igbá sínú omi. Ẹ nù ún, ẹ sá a sí ibòòji, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Balùwẹ̀ àti ìfọṣọ

Ẹ kọ́kọ́ dẹ́kun jíjò. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń fi ohun tó lé ní 20 lítà ṣòfò lójúmọ́. Ẹ kán búlúù díẹ̀ sínú tánkì ẹ̀yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á fún ìdajì wákàtí. Tí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìdí tánkì ti jẹ. Nínú tánkì onílítà 9, ẹ fi ìgò ike onílítà kan ààbọ̀ tí omi kún inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fífà kọ̀ọ̀kan á dín kù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sí i, ìyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ á ba rọ́bà jẹ́.

Ẹ fi ìwé kékeré kan lẹ̀ sí ògiri: "Ẹ kú ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá ṣì máa lo táwẹ́lì yìí, ẹ fi kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀." Kí ẹ sì ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àlejò tó fi táwẹ́lì kọ́ tó sì bá tuntun nílẹ̀ kò ní í ka ìwé yín sí mọ́. Aṣọ ibùsùn òwú dára ju ti ọ̀rá (bíi polyester) lọ: aṣọ ọ̀rá máa ń rẹ́ okùn ike tíntìntín sínú omi ìfọṣọ, èyí tí asẹ́ kankan nínú ọgbà yín kò lè mú. Dípò ọṣẹ wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá, ẹ gé ọṣẹ dúdú ní ìwọ̀n tí ẹnì kan á lò tán, ẹ fi bébà wé e, ọ̀kan fún àlejò kan.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ, ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù ni kí á ṣe é kó lè gba omi òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ rọ omi kún un ní ẹ̀ẹ̀mejì kó mu yó, kí ẹ rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ wo aago. Tí omi bá lò ju wákàtí kan lọ kó tó fi ínǹṣì kan lọ sílẹ̀, ilẹ̀ yẹn kò gba omi, ẹ wá ibòmíràn. Tó bá gbà á, ẹ gbẹ́ kòtò rìbìtì tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó jìn ní mítà kan, ẹ kó ẹ̀ka igi àti ewé kún un dé òkè, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún yí i ká, kí kókò wà láàárín wọn. Kòtò kan kò ní í tó fún yàrá 20. Ẹ ṣe mẹ́rin, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí omi má dúró lójú, ẹ̀fọn á yé sí i. Omi tí wọ́n fi ohun ìfọṣọ funfun tó le sí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀: níbi púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àpáta súnmọ́ ojú ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò nípọn kò sẹ́ omi dáadáa, ẹ̀gbin tó bá sì bọ́ sínú lílà àpáta lè dé kànga kíákíá. Ẹ jẹ́ kí mítà 30 wà láàárín ṣọ́kàwéè àti kànga. Tí ọgbà bá há, kò gbọ́dọ̀ dín ní 15, kí kànga sì wà lápá òkè. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ ti igi tí ẹ fi aṣọ funfun wé bọ inú tánkì. Ibi tí aṣọ bá dúdú dé ni erofò dé. Tó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú tánkì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani. Kí ẹnì kan látọ̀dọ̀ yín tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ibi tó ń tú u sí, torí tó bá tú u sódò, ẹ̀yin lẹ tú u. Ìzáàlì àti ohun ìfọṣọ funfun tí wọ́n ń dà sí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́ ń pa àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ ìgbẹ́ náà. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Garawa oníderí kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan fún páàdì, kọ́ńdọ̀ọ̀mù àti bébà ìnura tútù (wet wipes).

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Asẹ́ gọ́tà

Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn, ẹ̀yìn ọgbà ni ká ti mú un. Ní ibi tó rẹlẹ̀ jù tí ẹ fàlà sí nínú àwòrán, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe asẹ́ irin méjì. Ti àkọ́kọ́, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín irin. Èkejì, mítà méjì sí i nísàlẹ̀, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2. Irin rọ́ọ̀dù 12 mm ló yẹ, ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dípẹtà kùn ún.

Asẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kó fara tì sẹ́yìn, kí omi lè máa ti ọ̀rá gun orí rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má dí. Kí gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gọ́tà. Tó bá dí pátápátá, omi á gba òkè rẹ̀ kọjá dípò kó wọ yàrá àlejò. Ọ̀pọ̀ ń fi nẹ́ẹ̀tì ilé adìyẹ ṣe é torí ó pọ́ọ́kú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá òjò, ewé á ti bò ó, ọgbà á kún, ẹ̀ṣọ́ á sì fi ìbínú fà á ya. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó máa gbà kí ẹ tún fi asẹ́ sí gọ́tà mọ́.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ni iṣẹ́ yìí, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Kó kó o nígbà tí òjò bá ṣú, kó tún kó o tó bá dá. Ìbọ̀wọ́, ọkọ́ eléyín kékeré tí wọ́n fi ń ha ewé, garawa. Ohun tó kó kò gbọ́dọ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò tó ń bọ̀ á dá a padà.

Nídìí jẹnẹrétọ̀, ẹ mọ ìdènà kékeré yí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ká, ní gíga ínǹṣì 4, kí ó má ní ihò kankan sí gọ́tà. Epo tó dànù, ìyẹ̀fun pákó ni kí ẹ fi mu ún. Ẹ má fi omi àti ọṣẹ ṣàn án. Ọ́ìlì tí wọ́n pààrọ̀, kẹ́ẹ̀gì oníderí, kí ẹ fún ẹni tó ń rà á jọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Omi òjò

Omi tí ẹ bá gbà sílẹ̀ kò ní í gbé ìdọ̀tí lọ. Òrùlé tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ 200 mítà onígun mẹ́rin (200 m²), tí òjò 30 mm bá rọ̀ sí i, á fún yín ní nǹkan bí 4,800 lítà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí 100 lítà àkọ́kọ́ lọ sínú dúrọ́ọ̀mù kan lọ́tọ̀, òun ló gbé eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ; ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ tánkì. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dé ẹnu tánkì. Fífà ìgbọ̀nsẹ̀ àti fífọ aṣọ ni kí ẹ fi ṣe, kì í ṣe fún mímu.

Kí oṣù Kejì tó parí, ẹ ti gbá gọ́tà, ẹ ti kun asẹ́ lọ́dà, ẹ ti fọ tánkì òjò, ẹ ti kó àpótí epo. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ sá ohun tí asẹ́ mú kó gbẹ, ẹ ka ọ̀rá inú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé tí ẹ fi wọn pàǹtírí. Tí ọ̀rá bá ṣì pọ̀, ẹnu géètì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró de àlejò, kí ẹ gbé àpò kejì kọ́ síbẹ̀.